Kọ̀ǹpútà tí Bàbá Yóò Lè Lò

Ẹni tó bá mọ ilé àgbà dáadáa ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ páálí náà. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló máa ń wà, lábẹ́ aṣọ òkè àti álúbọ́ọ̀mù fọ́tò ìgbéyàwó, wọ́n á ti fi ìró àtijọ́ bò ó kí eruku má baà wọ̀ ọ́. Kọ̀ǹpútà ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ ló fi ránṣẹ́ láti London tàbí Houston, tìfẹ́tìfẹ́ sì ni. Lọ́jọ́ tó dé, wọ́n tú u lójú gbogbo ilé, wọ́n wúre fún ẹni tó rà á, ọmọ-ọmọ kan tàn án, ó fi àwòrán tó wà lójú rẹ̀ han bàbá àti ìyá, ó sì pa á. Ó parí. Bí ọmọ bá pè láti òkè òkun tó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ń lo nǹkan yẹn?", ohùn kan náà ló máa ń gbọ́: "À ń lò ó dáadáa, ọmọ mi. Ọlọ́run á bù kún ọ."

Bàbá kò ní i lọ́kàn láti purọ́. Kò fẹ́ kí ó dun ọmọ ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ọmọ ra ohun tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n lò, tó sì wù ú. Kò béèrè bí ojú bàbá ṣe ń ríran sí, kò béèrè bí iná ṣe ń wá sí àdúgbò, kò sì béèrè ẹni tí yóò wà nítòsí lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá dákẹ́. Kò sí kọ̀ǹpútà kan tó ti rọrùn fún àgbà láti inú páálí wá. Inú ilé ni wọ́n ti ń sọ ọ́ di ohun tó rọrùn. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan fún bàbá, fún ìyá, tàbí fún olùkọ́ tó kọ́ ọ ní ABD ní láti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ lára ẹni náà kó tó dé ìsọ̀ oníkọ̀ǹpútà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ìlú oníṣòwò tó ń rìnrìn àjò ni láti ọjọ́ pípẹ́. Kí ọ̀rọ̀ London tó dé, Gold Coast, Jos àti àwọn ìlú Òkè Ọya ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń bá lọ. Nígbà tí ìjọba Ghana pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ, ọ̀pọ̀ wọn ló di ẹrù padà sílé lójijì. J. S. Eades, onímọ̀ tó ṣèwádìí nípa àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò ní àríwá Ghana, kọ odindi ìwé kan lórí wọn, Ògbómọ̀ṣọ́ sì wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ti wá. Lónìí, Amẹ́ríkà, Britain àti Kánádà ló kàn. Ṣọ̀ún tó wà lórí ìtẹ́, Ọba Ghandi Afọlábí Ọláoyè, Amẹ́ríkà ló ti ń ṣe iṣẹ́ pásítọ̀ kí wọ́n tó fi í jọba ní ọdún 2023.

Bí ọmọ ṣe ń jìnnà sí i, bẹ́ẹ̀ ni àgbà ń wá ohun tí yóò gbé ohùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Lẹ́tà ló kọ́kọ́ wà, akọ̀wé lẹ́tà ló sì ń bá ẹni tí kò mọ̀wé kọ ọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì dé. Ìyá á jókòó ti rédíò, á fi oríkì kí ọmọ rẹ̀ ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, á ròyìn ẹni tó bímọ àti ẹni tó kú, á wá fi kásẹ́ẹ̀tì náà rán ẹni tó ń lọ. GSM dé Nàìjíríà ní 2001. WhatsApp gbé ohùn àfiránṣẹ́ jáde ní 2013, ó sì gbé ìpè olójúkojú jáde ní 2016. Ìyá tó ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp lónìí, iṣẹ́ kásẹ́ẹ̀tì ọjọ́sí náà ló ń ṣe. Kò sí ẹni tó ní láti kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ. Ibi tí yóò tẹ̀ nìkan ló kù.

Àmọ́ kì í ṣe ìkíni nìkan ló ń gbé ẹ̀rọ wá síwájú àgbà mọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí oníkálukú so nọ́ńbà NIN rẹ̀ mọ́ síìmù fóònù rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó náírà tuntun di àwátì, àgbà tó jẹ́ pé owó ọwọ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n ná rí i pé ẹni tó mọ áàpù báńkì lò ló ń rí nǹkan rà. Ọdún kan náà ni PTAD, àjọ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà lábẹ́ ètò àtijọ́, gbé ètò "Mo Wà Láàyè" dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹni tó ti fẹ̀yìntì lè jókòó sílé rẹ̀, kó kọjú sí kámẹ́rà fóònù tàbí ti kọ̀ǹpútà, kí àjọ náà lè mọ̀ pé ó ṣì wà láyé. Ẹni tó bá rántí bí àwọn arúgbó ṣe ń tò sórí ìlà nínú oòrùn fún àyẹ̀wò yóò mọ̀ pé ìdẹ̀ra gidi nìyí. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìbàdàn, nǹkan bí 100 kìlómítà ni, ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti ń ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́ sì wà láàárín. Eegun àgbà kò fẹ́ irú gbọ̀ngbọ̀n bẹ́ẹ̀.

Kí ni àgbà náà fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe, nígbà náà? Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n má bá a dáhùn. Ìyá tó fẹ́ rí ojú ọmọ-ọmọ, tó fẹ́ gbọ́ Bíbélì tàbí Àlùkùránì, tó fẹ́ gbọ́ ìròyìn ní èdè rẹ̀ lórí BBC Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2018, kò nílò kọ̀ǹpútà rárá. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ tó ínṣì 10, tó ní àyè síìmù, tí wọ́n gbé sórí ìdúró kékeré lórí tábìlì, ti tó o. Kí ẹnikẹ́ni má fojú tẹ́ńbẹ́lú ìdúró yẹn. Ọwọ́ àgbà a máa gbọ̀n, ó sì máa ń rẹ̀ ẹ́. Bí ìyá bá ń fi ọwọ́ di ẹ̀rọ mú bó ṣe ń sọ̀rọ̀, àjà ilé ni ọmọ tó wà ní London máa rí títí ìpè yóò fi parí.

Ọ̀tọ̀ ni bàbá tó fẹ́ kọ̀wé, irú wọn sì pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tí Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti ń kọ́ àwọn pásítọ̀ ti wà láti 1898. Ilé ìwòsàn ìjọ náà, tó ti di ti Yunifásítì Bowen báyìí, bẹ̀rẹ̀ ní 1907. Yunifásítì LAUTECH dé ní 1990. Nítorí náà ni ìlú fi kún fún olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé àti pásítọ̀ tó ti fẹ̀yìntì, tí ọpọlọ wọn ṣì jí pépé, tí wọ́n fẹ́ kọ ìtàn ìjọ, ìtàn ìdílé, ìtàn agboolé wọn sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe lórí gíláàsì fóònù. Kíbọ́ọ̀dù gidi ló fẹ́. Àwọn kan nínú wọn sì ti fi taipuráítà ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún. Bí lẹ́tà ṣe tò lára taipuráítà náà ló ṣe tò lára kọ̀ǹpútà, ìka wọn ti mọ ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wọn. Àwọn ọmọ tó ń sọ pé bàbá kò mọ kọ̀ǹpútà yóò rí i tí bàbá á fi ìka mẹ́wàá tẹ ojú ewé kan tán, nígbà tí àwọn fúnra wọn ṣì ń fi ìka méjì wá lẹ́tà kiri.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí yẹ ní ohun tí à ń dúró lé lórí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbà ti ń sọ̀rètí nù. Ojú fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì ìgbàlódé kì í gbọ́ agbára ìka. Ohun tó ń gbọ́ ni iná díẹ̀ tí awọ ènìyàn máa ń gbé, awọ tí omi bá sì wà lára rẹ̀ ló ń gbé e dáadáa. Ọwọ́ ìyá tó ti bó pákí, tó ti yan gàrí, tó ti fọ aṣọ ọmọ mẹ́fà ti gbẹ, orí ìka rẹ̀ ti yi. Ó fọwọ́ kan ojú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kò gbọ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó wá fi agbára tẹ̀ ẹ́, ó sì fi ìka sílẹ̀ níbẹ̀ kó lè dá a lójú. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé, torí pé ìka tó bá pẹ́ lójú ẹ̀rọ, iṣẹ́ mìíràn ló ń rán an. Ẹ̀rọ rò pé ìyá fẹ́ gbé àwòrán WhatsApp kúrò ní àyè rẹ̀ ni. Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tẹ̀ lé ìka kiri. Ìyá fa ọwọ́ yọ, ó ní, "Ẹ wá o, mo ti bà á jẹ́." Kò bà á jẹ́ rárá, ṣùgbọ́n ó lè tó oṣù mẹ́ta kó tó tún fọwọ́ kàn án.

Oògùn rẹ̀ kò wọ́n. Lórí fóònù Android, lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ Accessibility sí, ibì kan wà tí ènìyàn ti lè sọ fún ẹ̀rọ pé kó ní sùúrù díẹ̀ sí i kó tó ka ìka sí èyí tó pẹ́. Kí wọ́n yí i sí ibi tó gùn jù, ẹ̀rù ìyá á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì. Ìpara díẹ̀ ní orí ìka máa ń ràn án lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni bírò olórí rọ́bà tí wọ́n ṣe fún ojú fóònù.

Lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà, máòsì ni ìṣòro tirẹ̀. Wọ́n ní kí bàbá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ìwé tó ṣí. Bàbá tẹ ọ̀kan, ó mí kanlẹ̀, ó tẹ ìkejì. Ẹ̀rọ kà á sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́nà méjì, kò ṣí nǹkan kan. Àwọn ọmọ á ní, "Kíákíá, Bàbá, kíákíá!" Kò sí ìdí tí wọ́n fi ní láti máa lé àgbà sáré. Nínú ètò Windows, wọ́n lè dín ìyára tí máòsì fi ń retí ìtẹ̀ kejì kù, tàbí kí wọ́n tilẹ̀ yí i padà pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí wọ́n máa tẹ̀ kí nǹkan tó ṣí. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bàbá bá sì fẹ́ lò, kí wọ́n ra máòsì olókùn mọ́ ọn. Ojú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ìka pa yẹn kò gba ọwọ́ tó ń gbọ̀n.

Kí wọ́n yẹ ojú wò kí wọ́n tó yẹ kọ̀ǹpútà wò. Awò tí bàbá fi ń ka Bíbélì, ibi tí ènìyàn máa ń gbé ìwé sí ni wọ́n ṣe é fún, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 40 sí ojú. Ojú kọ̀ǹpútà jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí bàbá fi máa ń na ọrùn síwájú, tí ẹ̀yìn á máa ro ó, tí yóò wá sọ pé kọ̀ǹpútà ń fún òun ní àìsàn. Dókítà ojú lè fún un ní awò tó bá ààyè yẹn mu. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wá ojú kọ̀ǹpútà tó tó ínṣì 14 tàbí 15, kí wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ di ńlá. Windows gbà kí lẹ́tà tóbi ju ìlọ́po méjì bó ṣe wà lọ. Kí bàbá fúnra rẹ̀ sọ ibi tó ti tó, kì í ṣe ọmọ tí ojú rẹ̀ mọ́ gaara.

Ọ̀rọ̀ iná ló sọ pé kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà orí tábìlì sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ rò pé òun ló dára jù fún àgbà nítorí pé ojú rẹ̀ fẹ̀, kò sì ṣeé gbé sọnù. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n bí NEPA bá mú iná lọ, ó kú lójú ẹsẹ̀, ohun tí bàbá sì ti ń tẹ̀ láti àárọ̀ lè bá a lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí iná àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́ fún. Àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ wọn kò ní irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí owó ìrànwọ́ epo bẹntiróòlù ti kúrò, ta ni yóò tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ojú ewé méjì? Kọ̀ǹpútà alágbèéká ní bátìrì tirẹ̀. Ṣájà ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju wáàtì 65 lọ, sólà ilé tí agbára rẹ̀ bá tó bẹ́ẹ̀ lè gbé e. Tábúlẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ kéré sí i.

Tuntun tàbí tokunbọ̀? Àpò ló máa ń dáhùn èyí. Tokunbọ̀ tó dára wà, ṣùgbọ́n ohun kan ti yí padà tí olùrà gbọ́dọ̀ mọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ kò sì gba kọ̀ǹpútà tí ọpọlọ Intel rẹ̀ kò tó ìran kẹjọ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2017. Nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ ló ń sọ ìran náà. Bí wọ́n bá kọ i5-6300U sí i, 6 tó tẹ̀ lé ìlà kékeré yẹn ni ìran rẹ̀, kò tó. Bí wọ́n bá kọ i5-8250U, ó wọlé. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà yìí kò ní gbé òkú ẹ̀rọ fún bàbá rẹ̀ nítorí pé owó rẹ̀ pọ́ọ́kú.

Kí RAM rẹ̀ jẹ́ 8GB, kí ibi tó ń kó nǹkan pa mọ́ sí jẹ́ SSD. Fún àgbà, SSD yìí ló ṣe kókó jù. Kọ̀ǹpútà tó ń lo díìsìkì àtijọ́ tó ń yí máa ń pẹ́ kó tó jí. Bàbá tẹ bọ́tìnnì, kò rí nǹkan, ó tún un tẹ̀, ó sì pa á níbi tó ti ń jí lọ́wọ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dìde, ó lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Nínú ìsọ̀, kí wọ́n má tijú. Kí wọ́n tẹ gbogbo bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fà á kúrò lára iná, kí wọ́n wo bí bátìrì ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Bí orúkọ iléèwé tàbí ilé iṣẹ́ kan ní òkè òkun bá hàn lójú rẹ̀ nígbà tó ń jí, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣì di okùn rẹ̀ mú láti ọ̀hún. Ọmọ tó ń rà á ní Britain kò ní ìṣòro ihò iná, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni tiwọn bíi tiwa. Èyí tó ń rà á ní Amẹ́ríkà ni kó ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ṣájà. Bí ó bá ti kọ 100–240V, ẹnu lásán ni yóò pààrọ̀.

Chromebook yẹ fún ọ̀pọ̀ àgbà. Ó tètè ń jí, ohun tó lè dàrú nínú rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń tọ́jú ara rẹ̀. Ní 2023, Google ṣèlérí ìtọ́jú ọdún 10 fún wọn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí irú ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ jáde ni wọ́n ń kà á, kì í ṣe láti ọjọ́ tí bàbá rà á, nítorí náà kí ẹni tó ń ra tokunbọ̀ ka ọdún rẹ̀ dáadáa. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí Windows 11 kọ̀ náà ṣì lè wúlò. Google ní ChromeOS Flex tí wọ́n ń fi sórí irú wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì lè sọ ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ gbé jù nù di ti ìyá.

Ọ̀rọ̀ dátà kò gùn. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ fóònù ní Nàìjíríà, gba àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láyè láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Windows a sì máa fa àpúdéètì láìbéèrè lọ́wọ́ onílé, ó lè jẹ dátà oṣù kan ní òru ọjọ́ kan. Níbi ètò Wi-Fi, kí wọ́n sàmì sí i pé ìlà náà jẹ́ metered, yóò dẹwọ́. Kí ẹni tó bá wá kí bàbá wá máa ṣe àpúdéètì náà pẹ̀lú dátà tirẹ̀, nítorí kọ̀ǹpútà tí wọn kò ṣe é fún, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún olè.

Olùkọ́ Yorùbá tó fẹ̀yìntì kò ní gbà láé kí wọ́n kọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ bákan náà. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Windows, ó wà nínú Gboard lórí fóònù. Kí wọ́n tò ó sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Láti 2024, Google tún ti ń gbọ́ Yorùbá látẹnu: ìyá tí kò lè tẹ lẹ́tà lè sọ̀rọ̀ kí ẹ̀rọ kọ ọ́, bí ó tilẹ̀ máa ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ nígbà mìíràn.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti ṣe odindi ẹ̀rọ nítorí àgbà. Ní Britain, wọ́n gbé SimplicITy jáde ní 2009 pẹ̀lú Valerie Singleton, obìnrin tí àwọn àgbà ibẹ̀ mọ̀ bí ẹni mowó lórí tẹlifíṣọ̀n. Bọ́tìnnì mẹ́fà péré ló wà lójú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, GrandPad dé ní 2014, tábúlẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé ẹni tí ẹbí bá fọwọ́ sí nìkan ló lè pe ìyá. Owó oṣooṣù ni wọ́n ń san fún un, àwọn ènìyàn tó ń dáhùn ìpè àgbà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà ló sì gbé e dúró. Ní ilẹ̀ tiwa, ọmọdé ni wọ́n ti ń ro irú èrò bẹ́ẹ̀ fún. Ní 2007, wọ́n pín kọ̀ǹpútà kékeré One Laptop per Child fún àwọn ọmọ iléèwé Galadima ní Àbújá láti dán an wò. Ní 2013, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó bá ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ pààlà, gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde, tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó ìwé iléèwé girama sí. Àgbà kò sí nínú ìṣirò méjèèjì.

Ọgbọ́n bọ́tìnnì mẹ́fà yẹn ṣeé yá lò láìsanwó. Kí wọ́n kó gbogbo àwòrán tó wà lójú kọ̀ǹpútà bàbá kúrò, kí ó ku mẹ́rin. Windows gbà kí ènìyàn yí orúkọ wọn padà sí èdè tó bá wù ú. WhatsApp lè di "Pe Àwọn Ọmọ". Ibi ìkọ̀wé lè di "Ìtàn Ilé Wa". Ìròyìn, kó jẹ́ Ìròyìn. Fọ́tò, kó jẹ́ Fọ́tò. Kí wọ́n tò wọ́n sí apá òsì lókè, kí wọ́n má sì tún ṣí wọn nípò mọ́. Ẹni tó bá ṣí wọn nípò nítorí pé ó fẹ́ kó rẹwà ti ba ọ̀nà tí bàbá ti fi oṣù kan là jẹ́.

Gbogbo èyí kò lè ṣe ara rẹ̀, àfi kí ẹnìkan wà nítòsí. Ọmọ tó wà ní òkè òkun lè fi Quick Assist tó wà nínú Windows wo ojú kọ̀ǹpútà bàbá láti ibi tó wà, kó sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, ó ku ọwọ́ tó wà nílé. Ògbómọ̀ṣọ́ kò ṣaláìní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó yá ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá, ọmọ ìjọ tó ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn, ọmọ alájọgbé tó parí iléèwé. Kí ọmọ tó lówó láti ra kọ̀ǹpútà ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù, kí wọ́n sì mú ọjọ́ kan, bóyá ọ̀sán Sátidé, tí yóò máa wá fún wákàtí kan. Àgbà kì í fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bí kò bá sí ọjọ́ tí wọ́n dá, kò ní pe ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ á sì padà sínú páálí.

Ẹni tó ń kọ́ àgbà, kí ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Èyí ló nira jù fún ọ̀dọ́. Ọwọ́ bàbá ni kó wà lórí máòsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ó tilẹ̀ gba ogún ìṣẹ́jú. Ohun tí ọ̀dọ́ bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe, ojú nìkan ni bàbá fi rí i. Gbólóhùn náà, "Mo ti sọ fún yín lánàá, sà," kí wọ́n gbé e mì. Bàbá náà mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún òun.

Ọ̀rọ̀ olè, kí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní, kí wọ́n sì máa tún un sọ. Kò sí báńkì tó ń pe oníbàárà láti béèrè PIN, kò sí èyí tó ń béèrè nọ́ńbà ìgbà díẹ̀ tó wọlé sórí fóònù. Ẹni tó bá pe bàbá pé kó ṣí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún òun, tí kì í ṣe ọmọ tí ó mọ ohùn rẹ̀, kí bàbá pa fóònù. Àkáǹtì tí yóò wà lórí ẹ̀rọ náà, kó jẹ́ èyí tí owó inú rẹ̀ kò pọ̀. Owó ìfẹ̀yìntì lè wà níbòmíràn.

Ohun tó kù láti rà ni ìwé àkọsílẹ̀ kan, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, kí wọ́n fi okùn so bírò mọ́ ọn. Kí ẹnikẹ́ni má bá bàbá kọ ọ́. Òun ni yóò fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọ ohun tó rí: "bọ́tìnnì róbótó tó wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí o ka ení dé ogún." Ojú ewé àkọ́kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń tàn án. Ìkejì ni bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ tí bàbá bá kọ ojú ewé kẹta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó tì í, wọ́n lè wá lọ fi páálí inú kọ́bọ́ọ̀dù dáná.